Ìró Afẹ́fẹ́ Nínú Ọkọ̀ Olóyin

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú oyin mẹ́ta lórí kọ́là aṣọ rẹ̀, kò sì lé wọn. Aṣọ funfun ló wọ̀ láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ó ti ká àwọ̀n tó fi ń bo ojú sẹ́yìn orí, oòrùn àárọ̀ sì ń tàn gba inú àwọ̀n náà. Àwọn oníbàárà tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà dìde fìrì. Ọ̀kan nínú wọn sá wọ inú mọ́tò tí wọ́n ti sọ íńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń yí gíláàsì sókè bí ẹni tó fẹ́ gbéra ìrìn àjò.

Ọmọbìnrin tó tẹrí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sá. Kì í ṣe pé ó láyà ju àwọn yòókù lọ. Ó gbàgbé láti sá ni.

"Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà," ọkùnrin náà wí. "Wọn ò ní ta ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sìn mí wá ni."

"Ṣé àwọn náà mọ̀ pé àwọn ò ní ta ẹnikẹ́ni?"

"Mo ti bá wọn sọ ọ́ lọ́nà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà kó tó rántí pé ọ́ìlì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ọ́ìlì náà sì tàn dé etí. Ọkùnrin náà rí i, àti láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti ń ronú nípa obìnrin yìí lójú ọ̀nà jíjìn, tòun ti ọ́ìlì náà ló máa ń rí i.

Bàbá ọmọbìnrin náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Elétí ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí kò sí àìsàn mọ́tò tí kì í fi etí mọ̀. Fún bí ogójì ọdún, bí mọ́tò bá ti ń yà wọlé ni bàbá á ti sọ ohun tó ń ṣe é, kí awakọ̀ tó la ẹnu. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló kọ́ ní iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n ń pè ní Ọmọ Elétí. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù sì ni yàrá méjì tí òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé.

"Iná yìí ló ń dà mí láàmú," ọkùnrin náà wí, ẹni tí gbogbo wọn wá ń pè ní Olóyin. Ó nawọ́ sí iná kékeré kan níwájú sítíárì píkọ́ọ̀pù rẹ̀, pupa rúsúrúsú, tí wọ́n yà bí àwòrán íńjìnnì. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti tàn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ti dàgbà, ó ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n òun ló ń kó ilé oyin mi lọ síbi tí òdòdó bá wà. Bó bá dùbúlẹ̀, èmi náà dùbúlẹ̀ nìyẹn."

Ọmọ Elétí ki okùn ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ abẹ́ sítíárì. Kóòdù kan yọ lójú ẹ̀rọ náà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń wọ íńjìnnì pọ̀ jù fún epo. Kò sọ ibi tó ń gbà wọlé."

"Olófòófó tó mọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni."

"Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn."

Bàbá Elétí dìde lórí àga rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé íńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó tẹ etí sí i, ó di ojú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó nàró. "Sẹ́ńsọ̀ ni. Èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ Elétí pa kóòdù náà rẹ́, iná kú, Olóyin sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejìlá, ó tún dé. Iná ti tàn.

"Ọkọ̀ yín ti fẹ́ràn ibí jù," Ọmọ Elétí wí.

"Òun nìkan kọ́," Olóyin fèsì, ó sì yára yí ojú sí ògiri, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ náà ni Ọmọ Elétí gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé ni, ó gbóná, ẹrù ilé oyin sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Lábẹ́ ariwo íńjìnnì, ìró tín-ín-rín kan wà níbẹ̀: fíìì, bí ẹni tó ń fi eyín súfèé. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn íńjìnnì, níbi tí ojú kò lè dé.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Ó ń súfèé."

Bàbá tẹ etí sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Kò sí ìró kankan."

"Ó wà, Bàbá. Bóyá rọ́bà kan ló ti là..."

"Mo ní kò sí!" Ohùn bàbá ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi yíjú padà. "Ṣé ìwọ ló fẹ́ fi etí mi hàn mí ni? Ẹ fọ ibi tí epo ń gbà tú jáde, ó ti dí."

Ọmọ Elétí wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì rí ohun tí kò rí níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù ni. Ó wá ń rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: fóònù tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tí kì í gbé, rédíò tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ lẹ́ẹ̀mejì kí bàbá tó dáhùn. Bàbá Elétí ń di adití. Ó mọ̀, ó sì ń fi í pamọ́.

Àtidé ibi tí rọ́bà náà wà, èèyàn ní láti tú gbogbo orí íńjìnnì palẹ̀, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni, níṣojú bàbá tí kì í kúrò lórí àga rẹ̀, níṣojú gbogbo ayé. Bí ó bá tú u, tó bá rí i, bàbá rẹ̀ ló tú sí ìhòòhò. Ọmọ Elétí gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó fọ ohun tí wọ́n ní kó fọ̀. Iná kú.

Iná tún tàn, Olóyin tún wá. Ó ń mú afárá oyin wá nínú ìgò, á jókòó sórí táyà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á máa sọ ìtàn oyin fún Ọmọ Elétí bó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Kò tíì fẹ́yàwó, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ti wí, àwọn obìnrin fẹ́ràn oyin inú ìgò ju èyí tó ń fò lọ.

Láàárín ìgbà tó bá lọ àti ìgbà tó bá tún dé, ọjọ́ a máa gùn. Ọmọ Elétí ti mọ ìró píkọ́ọ̀pù náà yàtọ̀. Kó tó yọ ní kọ́nà, níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, á ti gbọ́ ọ, sípánà á sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn ló jọ ọ́, àyà rẹ̀ á já, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Ní òdìkejì òkè, níbi tó ń gbé, Olóyin náà ń wo iwájú sítíárì ní gbogbo ìgbà. Bí iná kò bá tíì tàn, inú rẹ̀ á bàjẹ́, ojú á sì tún tì í. Níbo ni wọ́n ti ń gbàdúrà kí ọkọ̀ ẹni bàjẹ́?

Ìgbà kẹrin, wọ́n jọ wa ọkọ̀ náà gun òkè lófìfo láti dán an wò. Iná kò tàn. Àwọn ni kò fẹ́ tètè padà.

"Ẹ jẹ́ kí n tọrọ nǹkan kan," Olóyin wí, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. "Mo fẹ́ máa pè yín ní 'ìwọ'. Ó ti sú mi láti máa sọ 'ẹ' fún ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́."

"Lójoojúmọ́ kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lẹ ń wá."

"Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́? Ta lo rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yìí?"

Ọwọ́ Ọmọ Elétí wà lórí ìjókòó, ọwọ́ Olóyin sì wá bà lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ohun tó mọ ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ̀rọ̀ ìró tó gbọ́ nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n rẹ̀. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó sì tún gbé e mì.

Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn òkè ńlá mìíràn tó wà níkọjá ṣọ́ọ̀bù, olóko èso kan ránṣẹ́ sí Olóyin pé kó kó ogójì ilé oyin wá. Oyin ló ń jẹ́ kí òdòdó di èso, òdòdó kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó ẹrù tán, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé yóò gbé mi dé ibẹ̀?"

"Yóò gbé ọ!" Bàbá Elétí dáhùn láti orí àga. Ó ti rí ẹrù, ó ti mọ ìbéèrè.

Olóyin rẹ́rìn-ín sí bàbá, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni mo bi, ìfẹ́ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ Elétí wo ọkọ̀, ó wo bàbá, ó wo ojú àwọn oníbàárà.

"Máa lọ," ó wí. "Yóò gbé ọ."

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ náà kú, níbi tí òkè ńlá náà ti ga jù, tí igi kan ṣoṣo kò sí. Kó tó kú, ó kọ́kọ́ súfèé, ó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì dákẹ́. Olóyin ti fi àwọ̀n dí ẹnu ilé oyin gbogbo fún ìrìn àjò. Oòrùn ń jó wọn nínú àpótí. Ó ń sáré láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń já àwọ̀n, láìwọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì ń ta á. Àwọn tó lè fò fò lọ. Àwọn tó kù ti kú sí ìdí afárá wọn. Nínú ogójì, mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ Olóyin méjèèjì ti wú.

"Ó súfèé kó tó kú," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ tí o máa ń gbọ́ ọkọ̀ mi láti kọ́nà. Ṣé o kò gbọ́ ọ rí?"

Ó lè parọ́. Irọ́ náà wà nílẹ̀, kò ní wúwo láti gbé.

"Mo gbọ́ ọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà kejì tí o wá."

"O gbọ́ ọ, o sì ní kí n máa lọ. Kí ló dé?"

Bàbá Elétí jókòó sí ìwọ̀n apá méjì sí wọn. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn méjèèjì, bí àgbàlagbà tó rò pé àwọn ọmọdé ń kí ara wọn.

"Mi ò lè sọ ọ́," Ọmọ Elétí wí.

Olóyin dúró, ó retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì iṣẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ Elétí kò dúró gba àṣẹ. Ó tú orí íńjìnnì náà. Lábẹ́ rẹ̀ ló ti rí i: rọ́bà oníhò kékeré kan tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ó sì là nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná. Bó bá tutù, ojú ibẹ̀ á pa dé. Bó bá gbóná, tí ẹrù sì wúwo, á la ẹnu. Ó fi tuntun sí i. Ó di àpò iyanrìn kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wà á gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta nínú oòrùn. Iná kò tàn mọ́. Ó pe Olóyin lórí fóònù láti sọ fún un. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó pè lọ́jọ́ kejì, ó pè lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, Ọmọ Elétí á wọ inú píkọ́ọ̀pù náà lọ, á jókòó síbi tí Olóyin máa ń jókòó sí. Òórùn ìda wà níbẹ̀ síbẹ̀. Oyin kan ti kú sí igun gíláàsì iwájú, kò lè gbá a dànù. Ohun tó sì yà á lẹ́nu jù ni pé, bí ọkọ̀ kan bá ti ń bọ̀ ní kọ́nà, etí rẹ̀ ṣì máa ń nà. Ọkọ̀ tó ń retí ìró rẹ̀ ló jókòó sínú rẹ̀ yìí, síbẹ̀ kò yéé tẹ́tí.

Ní ilé tirẹ̀, Olóyin a máa mú fóònù dání títí á fi dákẹ́. Oyin tó kú dùn ún, ṣùgbọ́n olóyin ló jẹ́, ó ti rí ikú oyin rí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "máa lọ", ló ń ta á. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo, á sì máa wò ó bóyá yóò tún dún.

Ọjọ́ kan, Bàbá Elétí ń wá sípánà lórí tábìlì, ó sì rí rọ́bà àtijọ́ náà. Ó gbé e sójú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó là, ó rí i tó la ẹnu. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú ihò kan, ó fi ẹnu sí ìkejì, ó fọn ọ́n.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lẹ́nu géètì, níbi tí Ọmọ Elétí ti ń yí táyà, ó rí i tí ọmọ rẹ̀ yí orí padà wìì. Bàbá tún fọn ọ́n. Ọmọ Elétí jẹ́ kí táyà ṣubú, ó ń bọ̀.

"O gbọ́ ọ láti ẹnu géètì?"

Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi tí mo fi ẹnu ara mi fọn ọ́n, mi ò gbọ́ ọ." Bàbá wá àga, ó jókòó. "Nítorí èyí ni Olóyin ò ṣe wá mọ́?"

Omi ti gba ojú Ọmọ Elétí, ó tẹ ẹnu sí etí bàbá. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá."

"O fi ara rẹ bò mí." Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ ọlọ́ìlì méjì nínú ara wọn. "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò gbọ́. Níbo ni ọkùnrin yẹn ń gbé?"

Bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọmọ Elétí ló wakọ̀, bàbá jókòó tì í, ọwọ́ lórí orúnkún, kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ òkè.

Olóyin wà lábẹ́ igi, láàárín àwọn ilé oyin tó ṣẹ́ kù, ó ń fín wọn ní èéfín. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ kó tó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ lòun ń lọ wò, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí sítíárì ni ojú rẹ̀ ń wá.

Bàbá Elétí ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. "Adití ni mí," ó wí, láìkí i. "Ọdún méjì nìyí. Mo ń tẹ etí sí íńjìnnì, mo ń ṣe bí ẹni tó gbọ́, ìgbéraga mi ló pa oyin rẹ. Ọmọ mi gbọ́. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Bínú sí mi bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe gbé e lé e lórí."

Olóyin bọ́ àwọ̀n ojú rẹ̀. "Sà..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò gbọ́, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ẹ lọ sọ̀rọ̀." Bàbá padà sídìí ọkọ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

Wọ́n dúró sábẹ́ igi. Oyin ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín wọn.

"Bàbá ti gba gbogbo ẹ̀bi," Ọmọ Elétí wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn nìkan. Èmi ni o bi léèrè lọ́jọ́ náà. Mo lè fà ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kí n sọ ọ́ sí ọ létí. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi oyin tìrẹ ra iyì tiwọn. Mo jẹ̀bi, mo sì wá sọ ọ́."

"Ó dùn mí," Olóyin wí. "Mi ò ní purọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mi ò fi rí ọ yìí, ó dùn mí ju ìyẹn lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń jí, tí mò ń bá ọ jà nínú ọkàn mi, tó bá di ọ̀sán, mo ti dárí jì ọ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń wá ọ̀nà tí màá fi rí ọ."

"Kí ló dé tí o ò gbé fóònù?"

"Mò ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ nìkan ni wàá bá mi sọ."

Ọmọ Elétí rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ ti yá. Kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é mọ́. Bó o bá máa wá, kò ní sí àwáwí."

"Mi ò fẹ́ máa wá mọ́," Olóyin wí. Ó ti di ọwọ́ Ọmọ Elétí mú. "Mo fẹ́ wà níbẹ̀ ni."

"Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀. Ní báyìí tí etí wọn ti lọ."

"Ta ló ní kó o fi wọ́n sílẹ̀? Ilé oyin mọ́kànlá ni mo ní, gbogbo oyin inú wọn ló ní ìyẹ́. Ìsàlẹ̀ òkè, ní ìhà tiyín, òdòdó wà níbẹ̀. Mo ti ń wo ilẹ̀ kan níbẹ̀ láti ìgbà kẹta tí mo wá."

"Láti ìgbà kẹta?"

"Ìwọ nìkan kọ́ ló ń fi nǹkan pamọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, sùúrù Bàbá Elétí ti tán. Ó ti yíjú padà, ó ń wo ẹnu wọn tó ń mì. "Kí lẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn?" ó kígbe. "Ṣé ìjà ni àbí kí ni?"

Olóyin tú ìka lára ìka, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. "Mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà!"

"Kí lo wí?"

"MO FẸ́ FẸ́ ỌMỌ YÍN!"

Fèrèsé ilé kejì ṣí. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ dúró tòun ti aṣọ tútù lọ́wọ́. Bàbá Elétí wo Olóyin láti òkè dé ilẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Èyíinì ti dé etí mi. Ìwọ ńkọ́? Kí lo fún un lésì?"

Ọmọbìnrin tó ti fi oṣù mẹ́rin gbé ọ̀rọ̀ mì la ẹnu rẹ̀. "MO GBÀ!" ó ké, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oyin fi gbéra lórí igi, bàbá rẹ̀ kò sì ní kó tún un wí.